Ìbéèrè láti Òṣogbo: ṣé HAC, kúrómósóòmù kékeré àtọwọ́dá, lè wo fòníkú-fọ̀ladìde?

Ọmọ_Òròkí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa kan tí a máa ń pàdé ní Òkè-Fìà lọ́sàn-án Sátidé láti jọ kàwé lórí ìmọ̀ jíìnì ti há sórí ọ̀rọ̀ kan. Ẹnì kan nínú wa ní kúrómósóòmù kékeré tí wọ́n fọwọ́ ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní HAC, ló yẹ kí wọ́n fi wo fòníkú-fọ̀ladìde, torí pé kì í já wọ inú DNA onílé bí àwọn fáírọ́ọ̀sì kan ṣe máa ń ṣe. Ẹnì kejì ní ohun tí kò ṣeé gbé wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kí la fẹ́ fi í ṣe?

Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an, ọ̀nà tó ń gbà dé inú sẹ́ẹ̀lì, àti ibi tó ti máa ń bàjẹ́. Ẹ má fi òǹkà pamọ́ fún wa. A mọ mitosis, a mọ PCR, kò sídìí tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ láti ABD.

Alágbẹ̀dẹ_DNA

Ẹ kú ìbéèrè. Àwọn ọ̀rẹ́ yín méjèèjì ló rí apá kan ọ̀rọ̀ náà.

Ibi ẹrù ni kí á ti mú un. AAV, fáírọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n fi ń gbé jíìnì wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kò lè gbé ju nǹkan bíi 4.7 kb lọ (kb kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún lẹ́tà DNA), ọ̀kadà ni. Lentivirus, fáírọ́ọ̀sì agbẹ́rù mìíràn, lè gbé tó 8 sí 9 kb, ṣùgbọ́n wàgùnù tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni, àfi kó so mọ́ ọkọ̀ ojú irin onílé kó tó lè rìn. Ibi tó máa so mọ́ kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tó rán an. Nínú ìtọ́jú SCID-X1, àìsàn àbínibí tí kì í jẹ́ kí ara ọmọ lè bá àrùn jà, tí wọ́n ṣe ní Paris àti London, gammaretrovirus, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí lentivirus, lọ já sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì LMO2 lára àwọn ọmọ kan, ó jí jíìnì náà lójú oorun, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sì tẹ̀ lé e. HAC ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Ó ń dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrómósóòmù 46 tó bá nílé, bí sẹ́ẹ̀lì bá sì pín, òun náà á pín, ẹyọ kan sínú ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Sẹ́ńtírómíà, ibi tí okùn ti ń di kúrómósóòmù mú nígbà ìpín, ni ẹ́ńjìnnì yẹn. Yàtọ̀ sí i, HAC nílò tẹ́lómíà, ìyẹn TTAGGG léraléra, ní ìpẹ̀kun méjèèjì, àyàfi bó bá rí roboto bí òrùka. Ó sì nílò ibi tí DNA ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, àmọ́ ìyẹn kì í dààmú ẹnikẹ́ni, nítorí DNA ènìyàn tó bá ti gùn tó máa ń ní in nínú.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Ọ̀kan dà bí ìgbà tí a gé igi ńlá títí ó fi di ọ̀pá. Àwọn Oshimura àti Kazuki ní Yunifásítì Tottori, ní Japan, mú kúrómósóòmù 21 ti ènìyàn, wọ́n gbé e sínú DT40, sẹ́ẹ̀lì adìyẹ. Kí ló dé tó fi jẹ́ ti adìyẹ? Nínú DT40, DNA tí a bá rán wọlé máa ń wá ibi tó jọ ọ́ rí, á sì gba àyè ibẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ju bó ṣe ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn lọ. Wọ́n wá rán ègé DNA kan tó ní TTAGGG nídìí. Ibi tó bá wọlé sí, ibẹ̀ ni apá kúrómósóòmù á ti ṣẹ́, tẹ́lómíà tuntun á sì bo ojú ọgbẹ́ náà. Wọ́n gé apá gígùn, wọ́n gé apá kúkúrú, títí kò fi ku jíìnì kankan tí a mọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù tó nǹkan bíi 5 Mb, ìyẹn mílíọ̀nù lẹ́tà márùn-ún. Wọ́n fi ilẹ̀kùn kan sí i lára, ìyẹn loxP, ègé DNA kúkúrú kan, pẹ̀lú ìdajì jíìnì HPRT, wọ́n sì kó o lọ sínú CHO, sẹ́ẹ̀lì hamster, tí kò ní HPRT tirẹ̀. Ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé á wà lórí BAC tàbí PAC, fẹ́kítọ̀ (DNA agbẹ́rù) inú bakitéríà, tó ní loxP àti ìdajì kejì. Bí Cre, ẹ́ńsáìmù tó ń so loxP mọ́ loxP, bá so wọ́n pọ̀, HPRT á di odidi, sẹ́ẹ̀lì náà á sì yè nínú HAT, oúnjẹ tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí kò ní HPRT. Èyí tí kò so pọ̀ á kú. Mi ò tíì rí ọgbọ́n tó dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ yìí tó èyí.

Ọ̀nà kejì dà bí ìgbà tí a fi amọ̀ mọ ìkòkò láti ìsàlẹ̀. Ní 1997, àwọn Harrington àti Willard da DNA alphoid, tẹ́lómíà àti DNA ènìyàn mìíràn pọ̀, wọ́n rán wọn wọ inú HT1080, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ènìyàn, kúrómósóòmù tuntun sì yọ jáde nínú díẹ̀ lára wọn. Alphoid yìí ni lẹ́tà 171 tó ń tún ara rẹ̀ kọ; lára àwọn kan ni àmì onílẹ́tà 17 wà tí purotéènì CENP-B máa ń dì mú. Ṣùgbọ́n DNA nìkan kọ́ ló ń sọ ibì kan di sẹ́ńtírómíà. Àfi kí CENP-A, purotéènì tó ń sàmì sí sẹ́ńtírómíà, jókòó síbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì, alphoid tó bá wọlé máa ń di pípadé pinpin pẹ̀lú H3K9me3, àmì tó ń ti DNA pa, kí CENP-A tó ráyè. HT1080 kì í pa ilẹ̀kùn yẹn dé tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń sá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àbùkù ọ̀nà yìí ni pé ẹ ó rán 100 kb wọlé, ẹ ó sì bá ohun tó tó Mb mélòó kan níbẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì máa ń so ẹ̀dà pọ̀ mọ́ ẹ̀dà bó ṣe wù ú. Ẹni tó ń wá oògùn kò lè gba nǹkan tí kò mọ bí wọ́n ṣe tò ó. Ní 2024 ni àwọn ará University of Pennsylvania fi ọ̀nà àbáyọ hàn. Wọ́n fi ìwúkàrà kọ́ DNA tó tó nǹkan bíi 750 kb, wọ́n bó èèpo ara ìwúkàrà náà, wọ́n sì pò ó mọ́ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kí DNA má baà já lọ́nà. Nítorí pé ó ti tóbi tó láti ìbẹ̀rẹ̀, ó dúró ní ẹyọ kan, kò wá ẹlẹgbẹ́ kún ara.

Ìyá_Máíkíró

Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ ti ṣàlàyé ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá wọn lóhùn lórí fòníkú-fọ̀ladìde. Èsì mi ni pé rárá, kì í ṣe ibẹ̀ ni HAC ti wúlò jù.

Ẹ wo HBB, jíìnì hemoglobin tó bàjẹ́ nínú àìsàn náà, fúnra rẹ̀: kò ju nǹkan bíi 1.6 kb lọ. Lẹ́tà kan ló yí padà, GAG di GTG, lórí kúrómósóòmù 11. Òtítọ́ ni pé ó nílò LCR, ègé DNA tó ń pàṣẹ fún un láti ọ̀nà jíjìn, àmọ́ wọ́n ti gé LCR sí wẹ́wẹ́ tó fi lè bá HBB wọ inú lentivirus. Ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Lyfgenia nìyẹn. Ìtọ́jú kejì, Casgevy, ní tirẹ̀ kò gbé jíìnì kankan wọlé. Ó ń fi CRISPR gé ibi tó ń pàṣẹ fún BCL11A, jíìnì tó ń pa HbF lẹ́nu mọ́, nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, kí HbF, hemoglobin ìgbà tí a wà nínú oyún, lè padà wá. Ọjọ́ kan náà ni FDA Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àwọn méjèèjì, 8 Oṣù Kejìlá 2023. Ẹrù tí ọ̀kadà gbé dé ọjà, a kì í ya rélùwéè fún un.

Ìṣirò tó tiẹ̀ pa ọ̀rọ̀ náà rèé. Casgevy ń fẹ́ ó kéré tán mílíọ̀nù 3 sẹ́ẹ̀lì CD34+ (ìyẹn stem cell ẹ̀jẹ̀) fún kílò kan ara aláìsàn. Ẹni tó wọn kílò 50 nílò mílíọ̀nù 150. Tí a bá fi ọ̀nà tó wọ́pọ̀ gbé HAC wọlé, sẹ́ẹ̀lì kan nínú 100,000, nígbà mìíràn kan nínú mílíọ̀nù kan, ló ń gbà á. Ẹ fi 100,000 lu mílíọ̀nù 150, ẹ ó rí i pé kò sí mùdùnmúdùn eegun ẹnikẹ́ni tó lè fún yín níyẹn. Ẹ ò sì lè sọ pé ẹ máa mú ẹyọ kan tó gbà á kí ẹ tọ́ ọ títí yóò fi pọ̀, torí stem cell ẹ̀jẹ̀ tí a bá tọ́ pẹ́ nínú ìgò kì í jẹ́ stem cell mọ́.

Duchenne, àrùn àbínibí tó ń ba iṣan jẹ́, ni ẹ jẹ́ ká sọ.

Alágbẹ̀dẹ_DNA

Ẹ ṣeun, ìyá. Mo gbà.

Dystrophin, jíìnì tó bàjẹ́ nínú Duchenne, gùn tó 2.4 Mb pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń darí rẹ̀. Bí ẹ bá na DNA yẹn tán, ó tó 0.8 mm, ojú lásán ì bá rí gígùn rẹ̀ bí kì í bá ṣe pé ó tín-ín-rín jù. Apá tó ń kọ purotéènì nìkan tó 11 kb, kò sì lè wọ inú AAV, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gé e kúrú tí wọ́n ń pè é ní micro-dystrophin. Odidi rẹ̀ ni HAC gbé. PAC pàápàá kò lè gba 2.4 Mb, nítorí náà wọ́n fi loxP sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì náà lórí kúrómósóòmù X, Cre sì pààrọ̀ apá X pẹ̀lú apá HAC. Ní 2010, wọ́n gbé HAC tó ní dystrophin yìí, DYS-HAC, sínú iPS aláìsàn Duchenne, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ara tí wọ́n sọ padà di stem cell. Ní 2011, Tedesco àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e sínú mesoangioblast (sẹ́ẹ̀lì tó lè di iṣan) ti eku mdx, eku tí kò ní dystrophin, wọ́n sì dá àwọn sẹ́ẹ̀lì náà padà sára eku; dystrophin yọ nínú iṣan, iṣẹ́ iṣan sì dára sí i. Nínú iPS, ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan péré tó gbà á ti tó, torí ó ṣeé tọ́ títí yóò fi di ọ̀kẹ́ àìmọye.

Bàbá_Ìgò

Ẹ ń fò kọjá ibi tí làálàá wà. "Ọ̀nà tó wọ́pọ̀" tí ìyá ń wí ni MMCT, ìyẹn fífi microcell, nucleus kékeré tí awọ wé, gbé kúrómósóòmù láti inú sẹ́ẹ̀lì kan sínú òmíràn, tí Fournier àti Ruddle gbé jáde ní 1977. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ.

CHO tó gbé HAC ni olùfúnni. Ẹ tọ́ ọ nínú ìgò T25 bíi 12 títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ilẹ̀ ìgò. Ẹ yí oúnjẹ rẹ̀ padà sí èyí tó ní serum 20% àti colcemid 0.1 µg/ml, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48 sí 72. Colcemid kò ní jẹ́ kí okùn tó ń fa kúrómósóòmù sọ́tùn-ún sósì so. Sẹ́ẹ̀lì á dúró títí, á sú u, á jáde nínú mitosis láìpín, awọ nucleus á sì wé mọ́ kúrómósóòmù kọ̀ọ̀kan tàbí méjì-mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò mọ eléyìí ṣe bíi CHO, ìdí nìyẹn tí CHO fi ń ṣe agbèrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi oúnjẹ tí kò ní serum, tó ní cytochalasin B (tó ń tú okùn tó gbé sẹ́ẹ̀lì ró) 10 µg/ml, kún ìgò, kí ẹ sì yí i nínú centrifuge ní 8,000 rpm, 34 °C, wákàtí kan. Kí rotor ti gbóná kí ẹ tó kó ìgò sí i. Awọ sẹ́ẹ̀lì tó bá tutù á le, kò ní nà, àwọn nucleus kéékèèké yẹn kò sì ní já bọ́. Kí ẹ da omi sí àyè tó wà láàárín ìgò àti rotor. Ìgò T25 tí kò bá ní ohun tó gbé e ró á sán, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin á sì dà sínú ẹ̀rọ.

Ẹ pa ohun tó rọ̀ sísàlẹ̀ pọ̀, ẹ sẹ́ ẹ pẹ̀lú asẹ́ 8 µm, lẹ́yìn náà 5, lẹ́yìn náà 3. Ẹ má fi agídí tì í. Bí ẹ bá tì í, odidi CHO á fún ara rẹ̀ kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ẹ ó máa yọ̀ pé colony, ìdì sẹ́ẹ̀lì tó wá láti ara ẹyọ kan, pọ̀, kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé hamster lẹ ń tọ́.

Ti ìpòpọ̀: kí sẹ́ẹ̀lì olùgbà ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi PHA-P, tó ń lẹ̀ sẹ́ẹ̀lì pọ̀, 100 µg/ml po microcell, ẹ dà á lé wọn lórí ní 37 °C fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ fọ serum kúrò pátápátá kí ẹ tó ṣe èyí, torí àwọn purotéènì onísúgà inú serum á gba PHA mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà PEG 1000, tó ń po awọ wọn di ọ̀kan, 50%, ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan ni mo wí; ẹ fi aago sí i, torí PEG tó bá pẹ́ sí i lára á pa olùgbà. Ẹ fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́ta ó kéré tán, ẹ jẹ́ kó sinmi wákàtí 24, kí ẹ tó fi blasticidin, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí kò gba HAC, sí i. Ẹ ti kọ́kọ́ dán ìwọ̀n blasticidin wò lára olùgbà tí kò ní HAC, torí ìwọ̀n tó pa sẹ́ẹ̀lì yìí lè má pa tọ̀hún. Colony á yọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Láti inú mílíọ̀nù 10, bí ẹ bá rí 10, ẹ dúpẹ́.

Bí kò bá sí colony rárá, ẹ má kọ́kọ́ bínú sí PEG. Ẹ padà síbi colcemid. Ẹ fi DAPI, aró DNA, kun ìgò kan ṣáájú yíyí, kí ẹ wò ó bóyá nucleus ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí hóró inú ìbẹ́pẹ. Bó bá ṣì wà ní odidi, kò sí ohun tó fẹ́ já bọ́.

Àwọn kan ti fi PEG sílẹ̀. Wọ́n ń fi purotéènì awọ fáírọ́ọ̀sì èéyi sára CHO, èyí tó ń di CD46 mú lára sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ìyẹn á sì po wọ́n pọ̀ láìsí májèlé. Ṣùgbọ́n ó di kí olùgbà ní CD46 níta dáadáa.

Ọmọ_Òròkí

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ká ní a ti rí colony wàyí. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé HAC ń dá dúró, pé kò tíì lọ lẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú 46? Tó bá sì di pé a fẹ́ yọ ọ́ jáde ńkọ́?

Ìyá_Máíkíró

FISH ni, ìyẹn fífi probe, ègé DNA aláwọ̀, wá ibi tó jọ ọ́ lórí kúrómósóòmù. Aró pípa ni, ẹ̀yin ará Òṣogbo ìlú aró kò gbọdọ̀ bẹ̀rù rẹ̀.

Tí ẹ bá fi probe alphoid ti 21 wá HAC tó ti 21 wá, ẹ ṣọ́ra: alphoid 13 àti ti 21 jọra débi pé probe kò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ ó rí àmì mẹ́rin tó ti wà nílé, lórí 13 méjì àti 21 méjì, HAC á ṣe ìkarùn-ún. Ẹ fi probe kejì, àwọ̀ mìíràn, tó mọ DNA fẹ́kítọ̀ nìkan, kún un. Èyí tó bá tàn ní àwọ̀ méjèèjì, tó sì dá wà ní òun nìkan, ni HAC. Bí àwọ̀ fẹ́kítọ̀ bá wà lórí apá kúrómósóòmù gígùn, ó ti lẹ̀. Ẹ kó colony yẹn dànù. Kí ẹ tún fi probe DNA hamster wò ó, torí microcell kan lè gbé kúrómósóòmù CHO pẹ̀lú HAC wọlé láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Metaphase, ìgbà tí kúrómósóòmù ń hàn ketekete nínú mitosis, ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. KCl 0.075 M, 37 °C, ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí sẹ́ẹ̀lì lè wú. Methanol mẹ́ta sí acetic acid kan, ẹ pò ó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lò ó, kì í ṣe ti àná. Lẹ́yìn náà ẹ kán an sórí súláìdì tó tutù. Ojú ọjọ́ ló ń dájọ́ níbí. Nígbà ọyẹ́, súláìdì á gbẹ kí kúrómósóòmù tó ráyè tú ká, wọ́n á jókòó jọ bí ìdì igi. Ẹ gbé ìkòkò omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ di súláìdì mú lókè ooru rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn kíkán. Nígbà òjò, òdì kejì ni: á pẹ́ kó tó gbẹ, wọ́n á fọ́n ká jù, ẹ ò sì ní mọ ẹni tó ni èwo.

Ní ti pípàdánù, ẹ kó blasticidin kúrò, ẹ tọ́ wọn lọ, kí ẹ ka metaphase 50 ó kéré tán ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Iye tó kù = iye ìbẹ̀rẹ̀ × (1 − R)ⁿ; R ni ìdá tó ń pàdánù HAC nígbà ìpín kọ̀ọ̀kan, n ni iye ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì pín. Bí R bá jẹ́ 0.001, lẹ́yìn ìpín 100, nǹkan bíi 90% ṣì ní HAC. Bó bá jẹ́ 0.01, ó ku nǹkan bíi 37%. Fún iṣan tí kò pín mọ́, èkejì yẹn lè ṣeé fara dà. Fún ohun tó ń pín lójoojúmọ́ ayé, rárá.

Alágbẹ̀dẹ_DNA

Ní ti yíyọ: alphoid-tetO HAC wà fún un. Wọ́n fi tetO, ègé DNA kúkúrú kan, dípò àmì CENP-B nínú apá kan alphoid rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń ṣe tTS, purotéènì tó mọ tetO, tTS á dì mọ́ tetO, á sì ti sẹ́ńtírómíà pa. HAC tí kò ní sẹ́ńtírómíà mọ́ á ṣubú lọ́nà nígbà ìpín. Doxycycline, èyí tẹ́ ẹ máa ń rí nílé oògùn ní Ọlaiya, ló ń di tTS lọ́wọ́. Bó bá wà nínú oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, HAC dúró. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́, HAC bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ọmọ_Òròkí

Níbo la ti lè bẹ̀rẹ̀ láìní CHO olówó ńlá?

Ìyá_Máíkíró

Ẹ̀jẹ̀ lásán, kí ẹ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe metaphase. Ìlàjì mílílítà nínú heparin, kì í ṣe EDTA, torí EDTA kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà dáadáa. Ẹ fi sínú RPMI, oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, mílílítà márùn-ún pẹ̀lú serum àti PHA, tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pín, 37 °C, wákàtí 72, colcemid ní wákàtí tó kẹ́yìn. Incubator tí iná bá já lára rẹ̀ lóru, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ títí jẹnẹrétọ̀ á fi dáhùn. Kí ẹ ka metaphase 20. Bí púpọ̀ wọn kò bá pé 46, ẹ dín ìṣẹ́jú KCl kù, kí ẹ sì sún ọwọ́ tó ń kán an mọ́ súláìdì, kó má ga jù.